Iṣẹ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Hàn: Àkíyèsí Akẹ́kọ̀ọ́ Ààbò Kọ̀ǹpútà Kan Lórí Àkójọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ́ iṣẹ́ tí ìpamọ́ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ni yóò fi han àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè gbà pé ó ti mọ iṣẹ́ náà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbani síṣẹ́ kì í wo ìwé ẹ̀rí nìkan mọ́. Yóò béèrè àkójọ iṣẹ́, èyíinì ni àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì tò sí orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè yẹ̀ wọ́n wò. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tèmi jọ nígbà tí mo dé Òkè Baálẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ohun tí ì bá wú àwọn ènìyàn lórí jù lọ nínú rẹ̀ ni ohun tí n kò gbọdọ̀ fi síbẹ̀ rárá.

Ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn ni Òṣogbo. Láti ọdún 1962 tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ìlú yìí, àti pàápàá lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964, ni ayé ti ń wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán bí Twins Seven-Seven, Mùráínà Oyèlámì àti Jimoh Buraimoh. Kò sí ẹni tí ó nílò láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́: àwòrán wà lára ògiri, àdìrẹ wà lórí okùn, ojú ni yóò sì ṣe ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ́lé bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ yóò mọ́, olè kò ní wọlé, kò sì ní sí ohun kan tí a lè nawọ́ sí pé èyí ni iṣẹ́ tí ó ṣe lóru àná. Ìdí nìyí tí ó fi ń wu ọ̀pọ̀ nínú wa láti ṣe òdìkejì. Ilẹ̀kùn tí a já ní àwòrán, èyí tí a tì kò ní. Nítorí náà ilẹ̀kùn tí a já ni a máa ń gbé síta.

Èrò mi ni pé ọ̀nà yìí kò tọ́, àti pé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni ó lòdì sí, ó lòdì sí ìmọ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ kí àkójọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ààbò kọ̀ǹpútà fi hàn ni àṣẹ tí ó gbà kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, ọ̀nà tí ó tọ̀, àti ibi tí ó ti dúró.

Ọ̀nà yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́

Àwọn kan yóò sọ pé bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti ìpamọ́, kí a kúkú pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1883, Auguste Kerckhoffs, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè ní ilẹ̀ Faransé, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn ológun ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. (Inú mi máa ń dùn pé olùkọ́ èdè ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ràn ìṣirò kì í fẹ́ rántí èyí.) Ìlànà mẹ́fà ni ó là sílẹ̀. Èyí tí a ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ títí di òní nínú wọn ni pé ẹ̀rọ tàbí ọgbọ́n tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá kí ohunkóhun má sì bàjẹ́; kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó gbọdọ̀ jẹ́ àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àrokò wé èyí. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí i, nítorí pé ẹfà ni iye rẹ̀. Mẹ́jọ ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tí ó sì mọ àṣà náà yóò tú u lójú ọ̀nà. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kan tí ó jẹ́ ti olùránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí nìkan. Ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ ni àṣírí, ẹni tí ó bá sì ti mọ ọgbọ́n náà ti mọ ohun gbogbo. N kò fi èyí bu àrokò kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ìpamọ́ lọ, ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí Kerckhoffs ń wí, igbá Arugbá ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, tonílé tàlejò ni ó ń rí Arugbá bí ó ti ń ti ààfin Àtáọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Ọjọ́ náà kì í ṣe àṣírí, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kì í ṣe àṣírí, igbá náà pàápàá hàn sí gbogbo ojú. Ohun tí ó wà nínú igbá ni a bò.

Bí a bá fara mọ́ èyí, a ó rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun púpọ̀ láti gbé síta. Mo lè ṣàlàyé bí mo ṣe ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, bí mo ṣe ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àti bí mo ṣe pinnu èyí tí ó jẹ́ ewu nínú wọn. Ohun tí n kò gbọdọ̀ gbé síta ni ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́, kò sì rọrùn tó bí ó ti dún létí. Nínú ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo tò sí àkójọ mi, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà àká dátà kékeré kan sí àárín iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo rí i ní ọjọ́ kejì, mo pa á rẹ́, mo sì rò pé ó tán. Git, irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í gbàgbé: ó ń pa gbogbo ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá mọ́, ẹni tí ó bá sì wo ẹ̀dà àná yóò rí ohun tí a pa rẹ́ lónìí. Àtúnṣe kan ṣoṣo tí ó wà fún irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ ni kí a yí i padà lójú ẹsẹ̀, kí a kà á sí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rí. Àpótí dúdú tí a gbé lé orí orúkọ ènìyàn nínú ìwé PDF lè jẹ́ ìbòjú lásán. Bí a bá fi ọwọ́ fa ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ tí a sì dà á kọ síbòmíràn, orúkọ náà yóò yọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni a sì gbọ́ pé àwòrán tí àwọn ènìyàn gé kúrú lórí fóònù Pixel ti Google ṣì ní apá tí a gé sọnù nínú fáìlì rẹ̀, tí a lè fà á padà. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní ààbò tí ó sì tú àṣírí ẹlòmíràn sínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò mọ̀.

Ìwé owó tí kì í ṣe tèmi

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro fún mi. Ní àkókò kan, mo san owó lórí wẹ́bsáìtì ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí owó. Nọ́ńbà kan wà ní òpin àdírẹ́sì ojú ìwé náà. Mo yọ ẹyọ kan kúrò nínú nọ́ńbà náà, mo sì tẹ̀ ẹ́. N kò ní sọ pé ọwọ́ mi ṣèèṣì; mo mọ ohun tí mo ń wá. Ìwé owó ẹlòmíràn jáde sí mi lójú, tòun ti orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tí ó san.

Àbùkù yìí kò ṣàjèjì. Ìbéèrè méjì ni sáfà gbọdọ̀ bi ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn: ta ni ọ́, àti pé, ṣé tìrẹ ni ohun tí o ń béèrè? Sáfà yìí bi mí ní ti àkọ́kọ́, kò bi mí ní èkejì. Nínú àtẹ àwọn àléébù wẹ́bsáìtì tí àjọ OWASP gbé jáde ní 2021, irú àìbéèrè àṣẹ yìí ni ó wà ní ipò kìíní.

Mo pa ojú ìwé náà dé. Ní òru ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé ìlà mẹ́wàá péré ti ètò kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo ìwé owó tí ó wà níbẹ̀ láti orí nọ́ńbà kìíní títí dé ìgbẹ̀yìn. Mo sì mọ bí yóò ti dùn tó láti kà nínú àkójọ iṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo rí ìwé owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ̀rún yóò fi hàn tí ẹyọ kan kò tíì fi hàn? Ní ti ìmọ̀, kò sí. Ẹyọ kan ti tó láti fi mọ̀ pé ilẹ̀kùn kò tì. Ìyókù jẹ́ ìkójẹ. Ibi tí mo dúró ni iṣẹ́ náà wà, àmọ́ ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè sọ ọ́ báyìí.

Ní ti òfin ńkọ́? Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní 2015, tí a tún ṣe àtúnṣe sí ní oṣù Kejì ọdún 2024, sọ̀rọ̀ nínú abala 6 rẹ̀ nípa ẹni tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ. Ète ni abala náà gbé ka iwájú. Èyí jọ ìtùnú fún ẹni tí kò ní ète ibi, ṣùgbọ́n inú ni ète ń gbé. Ohun tí ó wà níta ni a fi ń dá ẹjọ́. Ìtàn Robert Morris yẹ fún ìrántí níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988 ó tú kòkòrò kọ̀ǹpútà kan sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà; àṣìṣe inú rẹ̀ mú kí ó máa pọ̀ sí i ju bí ó ti rò lọ, a sì fojú bù ú pé kọ̀ǹpútà tí ó tó 6,000 ni ó mú. Ní 1990 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi: ọdún 3 lábẹ́ àmójútó, iṣẹ́ ìlú wákàtí 400, àti owó ìtanràn dọ́là 10,050. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìdájọ́ ọdún 1991 sọ pé kò pọn dandan kí ìjọba fi hàn pé ó pinnu láti ba nǹkan jẹ́. Pé ó pinnu láti wọ ibi tí kò ní àṣẹ láti wọ̀ ti tó. Ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2022 kí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ ilẹ̀ náà tó fún àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ìlànà pé kí wọ́n má ṣe pe ẹni tí ó fi ọkàn rere ṣe ìwádìí ààbò lẹ́jọ́. Ọdún tí ó lé ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín kòkòrò Morris àti ìlànà yẹn. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ wa máa sọ ọ́ sí etí àwọn aṣòfin.

Kí ni mo wá ṣe? Mo wo wẹ́bsáìtì náà bóyá wọ́n ní fáìlì tí à ń pè ní security.txt, èyí tí a fi lélẹ̀ bí ìlànà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí ẹni tí ó bá rí àbùkù lè mọ ẹni tí yóò sọ fún. Wọn kò ní. Mo kọ ímeèlì sí àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń gba ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Mo sọ ohun tí mo rí, ọjọ́ àti wákàtí tí mo rí i, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni mo wò, pé n kò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. N kò rí èsì gbà.

Kọ̀ǹpútà àgbéká lóru

Ohun tí ó mú kí gbogbo èyí ju ọ̀rọ̀ ìwé kíkà lọ ni ojú tí àwùjọ fi ń wo ọ̀dọ́ tí ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Ìwà àwọn ọmọ Yahoo ti ba orúkọ gbogbo wa jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ EFCC wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn ọgbà ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n sì mú àwọn tí ó lé ní 60. Lẹ́yìn ariwo tí ó tẹ̀ lé e, a tú àwọn kan sílẹ̀, alága àjọ náà sì pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ irú ìgbòkègbodò òru bẹ́ẹ̀ dúró. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. N kò sọ pé kò sí ẹlẹ́bi nínú àwọn tí a mú. Jìbìtì wà, a mọ̀ pé ó wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí wọ́n bá ṣí kọ̀ǹpútà tèmi lóru bẹ́ẹ̀, wọn yóò bá Kali Linux níbẹ̀, wọn yóò bá irinṣẹ́ tí a fi ń fọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, wọn yóò bá àpẹẹrẹ ímeèlì ẹ̀tàn tí mo kó jọ fún ìwádìí. Ọ̀bẹ dókítà àti ọ̀bẹ ọlọ́ṣà, irin kan náà ni. Kí ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn lójú ẹni tí kò mọ̀ mí?

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ìdáhùn mi. Ní 1986, Clifford Stoll, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, ni a ní kí ó wá ìdí tí ìṣirò owó lílo kọ̀ǹpútà fi yẹ̀ ní sẹ́ǹtì 75. Ó wá a títí ó fi já sí àjèjì kan tí ó ń wọlé lóru, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn títí dé Hannover ní Jámánì. Ohun tí mo fẹ́ kí á ṣàkíyèsí nínú ìtàn náà kì í ṣe àjèjì yẹn. Stoll ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti máa ń ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ó sì mú kí ẹ̀rọ máa tẹ gbogbo ohun tí àjèjì náà bá kọ sórí bébà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá béèrè ẹ̀rí, ìwé wà.

Nítorí náà gbogbo iṣẹ́ inú àkójọ mi ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé àṣẹ: kọ̀ǹpútà ta ni, ta ni ó gbà mí láyè, láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà tèmi, tí mo dá sínú kọ̀ǹpútà àgbéká mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Àwọn ètò bí Juice Shop àti Metasploitable wà tí a dìídì ṣe ní alábùkù kí akẹ́kọ̀ọ́ lè já wọn láìjẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìṣòro wọn ni iná mànàmáná àti owó dátà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni kò ní jẹ́ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọjọ́ àná sínú ìwé lónìí. Òtítọ́ ni: ọjọ́ tí Git ń kọ jẹ́ ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún bá sọ fún un. Ohun tí kò rọrùn láti yí padà ni ètò títẹ̀léra. Òǹtẹ̀ kan wà tí ìṣirò ń fà yọ láti inú fáìlì. Nínú ìlànà SHA-256, àmì 64 ni òǹtẹ̀ náà, bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá sì yí padà nínú fáìlì, òǹtẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú Git ń gbé òǹtẹ̀ ẹ̀dà tí ó ṣáájú rẹ̀ dání. Bí mo bá fi òǹtẹ̀ iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi lónìí, n kò lè yí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà lọ́la kí ó má hàn, òun kò sì ní láti rí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́rìí ọjọ́ rẹ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà

Òǹtẹ̀ yìí ni ó mú mi dé ibi iṣẹ́ tí mo rò pé ó jẹ́ tiwa ní pàtó. Mo kọ orúkọ Òṣogbo lórí fóònù, mo kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fa òǹtẹ̀ méjèèjì yọ. Wọn kò bára mu. Lójú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń gbà kọ ṣ wa: bí àmì kan ṣoṣo, bí s tí a fi àmì tóótó sí abẹ́ rẹ̀, tàbí bí s tí a fi ìlà kékeré gbọọrọ sí abẹ́ rẹ̀. Ìlànà Unicode lè sọ àwọn méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta kì í bá wọn dọ́gba láé. Ẹni tí ó bá fi Yorùbá tí ó ní àmì ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà lè rí i pé ilẹ̀kùn tí fóònù rẹ̀ ṣí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè ṣí i.

Ewu tí ó tóbi ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Ní 2002, Evgeniy Gabrilovich àti Alex Gontmakher fi hàn pé a lè fi lẹ́tà Rọ́ṣíà tí ó jọ tòyìnbó forúkọ wẹ́bsáìtì ayédèrú sílẹ̀. Lẹ́tà ọ àti ẹ tiwa wà nínú àwọn tí a lè lò bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: àdírẹ́sì tí a ń tẹ̀ nínú ímeèlì sábà máa ń ní ìlà lábẹ́, ìlà náà sì ń gba orí àmì abẹ́ lẹ́tà kọjá. Àmì tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún wa ni ìlà ń bò mọ́lẹ̀. Mo fi fọ́ǹtì oríṣiríṣi dán èyí wò lórí kọ̀ǹpútà tèmi, láìforúkọ wẹ́bsáìtì kankan sílẹ̀, mo sì kọ àbájáde rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo àkójọ mi, iṣẹ́ yìí ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bi mí léèrè jù lọ, kò sì sí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni tí mo kàn nínú rẹ̀.

Ní ti ìwé owó yẹn, ojú ìwé kan wà fún un nínú àkójọ náà. Gbólóhùn méjì ni ó wà níbẹ̀: pé mo rí àbùkù kan lórí wẹ́bsáìtì kan, irú àbùkù tí ó jẹ́, àti ọjọ́ tí mo fi tó wọn létí. Orúkọ ilé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, àwòrán kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi lè mọ̀ ni kí n tún yọ ẹyọ kan kúrò nínú nọ́ńbà náà kí n sì tẹ̀ ẹ́. N kò tíì tẹ̀ ẹ́.